Sílíkà àti Ìyókù Ohun Alààyè Nínú Ṣéèlì Òkun Àtijọ́: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn láti Òṣogbo

Àwọn ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àwọn òbí wọn àti àwọn tó ń gbẹ́ kànga ti bi mí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Òṣogbo ni mo kó jọ síbí. Ọ̀rọ̀ òkun ni, àwa kò sì sí létí òkun. Síbẹ̀, n kò rí ìlú kankan nílẹ̀ Yorùbá tó yẹ kó tètè yé tó ìlú aró. Bí ẹ bá kà á dé ibi ìkòkò, ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ ṣéèlì gan-an?

Ẹrẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì ìtàn rẹ̀: ẹ sẹ́ ẹ tán, ẹ gbé e sílẹ̀, omi dúró lókè, ògì fúnra rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ ṣe ń wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun níbi tí omi ti dákẹ́. Ẹrẹ̀ mìíràn á wá lé e lórí, ọdún á gorí ọdún, ẹrù òkè á tẹ tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi inú rẹ̀ á fi fún jáde, á sì di òkúta. Bí ẹ bá fi òòlù gbá a, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló ń là, bí ewé eéran tí wọ́n tò léra wọn ní Ọjà Ọba. Òmíràn pupa, òmíràn rí bí eérú, òmíràn dúdú bí èédú. Àwọn dúdú yìí ni ọ̀rọ̀ kàn.

Sílíkà ńkọ́? Ṣé iyanrìn lásán kọ́?

Iyanrìn wà níbẹ̀, àmọ́ ó ju iyanrìn lọ. Silicon jẹ́ ohun ìpìlẹ̀ kan tó pọ̀ nínú òkúta; átọ́ọ̀mù rẹ̀ kan tó so pọ̀ mọ́ ti ọ́síjìn méjì ni sílíkà. Òun ló wà nínú dígí fèrèsé, òun ló wà nínú òkúta funfun líle tí wọ́n ń pè ní quartz, òun náà ló wà létí ewé ìrèké. Bí ewé àgbàdo bá ti gé yín lọ́wọ́ rí lóko, sílíkà tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ wà lára ohun tó gé yín. Ewéko ń mu ún mọ́ omi, ó sì ń fi í mú ara le. Àwọn ẹ̀dá kan nínú òkun ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun ni wọ́n fi ń kọ́ ilé.

Báwo ló ṣe ń dé inú òkun?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí. Òkúta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ Òṣogbo. Òjò tó rọ̀ sórí rẹ̀ á gba inú ilẹ̀ kọjá, á ti mu èéfín kábọ́ọ̀nù tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà tú sílẹ̀, á wá ní ìkan díẹ̀. Omi kíkan yìí ń jẹ òkúta lára láìdúró. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò ń wá. Ohun tó yọ́ mọ́ omi lọ, sílíkà wà lára rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun, tó ti Ìgèdè Èkìtì wá, á gbà á, á gbé e gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, á gbé e lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà á gbé e fún òkun. Ẹ kò lè rí i nínú omi, bí ẹ kì í ti í rí ṣúgà tó ti yọ́. Bí a bá kó gbogbo odò ayé pọ̀, ohun tí lítà omi kọ̀ọ̀kan ń gbé tó mílígíráàmù 10.

Odò kan náà ń gbé quartz tí kò yọ́ rárá, gẹ́gẹ́ bí iyanrìn àti erùpẹ̀ kúnná. Afẹ́fẹ́ náà ń gbé tirẹ̀. Erùpẹ̀ ọyẹ́ tó ń bo tábìlì yín ní oṣù Kejìlá àti Ṣẹẹrẹ, láti Sàhárà ló ti wá, quartz sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá bọ́ sórí tábìlì wa á kọjá lọ sórí Àtìláńtíìkì.

Nítorí náà, arìnrìn-àjò méjì ni sílíkà: ọ̀kan wá ní hóró, ọ̀kan wá ní yíyọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ nípa sílíkà inú ṣéèlì dá lé yíya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀nà kéékèèké mìíràn wà. Eérú òkè ayọnáyèéfín máa ń bọ́ sínú òkun, omi gbígbóná máa ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, amọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń yí padà bí ó bá wọlẹ̀ jìn tó gbóná, á wá yọ sílíkà díẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn wo ló ń fi í kọ́lé?

Mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Diatom jẹ́ ìran ewédò tí ojú lásán kò lè rí, ilé rẹ̀ rí bí agolo dígí tó ní ọmọrí, tí wọ́n dá ihò sí lára bí ajere. Radiolaria kì í ṣe ewéko, ó ń jẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké bíi tirẹ̀, egungun dígí rẹ̀ sì máa ń ní ẹ̀gún yíká. Ẹ̀kẹta ni kànrìnkàn inú òkun, tó ń fi abẹ́rẹ́ dígí wẹ́wẹ́ gbé ara rẹ̀ ró.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sábà máa ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé diatom ló ṣe gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká tún un ṣe. Diatom gbilẹ̀ nínú òkun òde òní, àmọ́ àlejò ni wọ́n nínú ìtàn ayé. Ṣéèlì Longmaxi ní ilẹ̀ Ṣáínà ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 440. Ṣéèlì Barnett ní Texas, Amẹ́ríkà, ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 300. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń wálẹ̀, diatom kò tíì sí. Radiolaria àti kànrìnkàn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta Monterey ní California, tí wọn kò tíì tó mílíọ̀nù ọdún 20, iṣẹ́ diatom ni.

Kí lẹ ń pè ní ìyókù ohun alààyè, kí sì ló dé tí kò jẹrà tán?

Òkú ewédò ni, àti ìgbẹ́ àwọn ẹranko wínníwínní tó jẹ ewédò, àti òkú kòkòrò àìfojúrí. Kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ló sì ń sọ òkúta di dúdú. Gbogbo ìwọ̀nyí ń gbé ní òkè omi níbi tí oòrùn ń dé. Bí wọ́n bá kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, àwọn tó ń jẹun lójú ọ̀nà á sì máa bù wọ́n jẹ. Nínú 100 tí òkun bá pèsè lókè, kì í pé 1 tó ń rí sàréè nísàlẹ̀.

Ìdí tí díẹ̀ fi ń ṣẹ́ kù ni mo fi ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá náà ń fi omi eérú àti èlú pa aró lọ́nà àtijọ́. Ó ṣí ìdérí ìkòkò, òórùn rẹ̀ lé àwọn ọmọ sẹ́yìn. Lójú aró náà ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dán bíi bàbà. Ìyá fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, aró abẹ́ rẹ̀ sì rí bí omi ẹ̀fọ́, kò rí bí aró. Ó ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ má rò ó o, ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀." Nígbà tó fà á yọ, aṣọ náà yọ ní àwọ̀ ewé. A ń wò ó. Kí a tó ka ẹní dé ogún, ó ti ń ṣú, ó di búlúù lójú wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìkòkò ti jẹ gbogbo ọ́síjìn inú omi tán. Níbi tí ọ́síjìn kò sí, aró á wà ní ipò kan. Bí ọ́síjìn bá fi kàn án, ó di nǹkan mìíràn. Ìsàlẹ̀ òkun kan náà lè di ìkòkò aró. Bí òkú ewédò bá pọ̀ jù, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ á lo ọ́síjìn tán, àwọn ẹranko tó yẹ kó wá tú ẹrẹ̀ náà kò ní lè wá, jíjẹrà á falẹ̀, ìyókù á sì wọlẹ̀.

Kí ló wá dípò ìdérí? Omi fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wo Òkun Dúdú tó wà láàárín Tọ́kì àti Ukraine. Omi odò ńlá bíi Danube, tí kò ní iyọ̀, fúyẹ́, ó dúró lókè bí epo ṣe ń dúró lórí omi. Omi oníyọ̀ tó gba Bosporus, ojú omi tóóró kan ní Tọ́kì, wọlé wúwo, ó jókòó sísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ pò pọ̀. Òkun náà jìn ju mítà 2,000 lọ, àmọ́ bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá mítà 200, ọ́síjìn ti tán, afẹ́fẹ́ olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ ló kù.

Amọ̀ náà ń ṣèrànwọ́ tó yẹ ká dárúkọ. Ìyókù máa ń lẹ̀ mọ́ hóró amọ̀ lára, ibẹ̀ ló sì ń sá pamọ́ sí fún àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi ń wà pa pọ̀ nínú òkúta kan?

Èyí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Níbi púpọ̀, ara kan náà ni wọ́n ti wá. Diatom kan ni ẹran àti ilé, radiolaria kan ni ẹran àti egungun. Ohun tó bá jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i á mú sílíkà àti kábọ́ọ̀nù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun náà ni omi ìsàlẹ̀ tó ń ru sókè. Ní etíkun Peru àti ti Namibia, afẹ́fẹ́ ń ti omi òkè kúrò létí ilẹ̀, omi tútù láti ìsàlẹ̀ á gòkè wá rọ́pò rẹ̀, á gbé oúnjẹ dání: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, nítírójìn, àti sílíkà yíyọ́. Ewédò á hù bí ọgbà tí wọ́n da ajílẹ̀ sí. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ṣéèlì dúdú àtijọ́ ṣe rí nígbà tó ṣì wà ní ẹrẹ̀, etíkun Namibia ni kó lọ wò, torí ẹrẹ̀ tó kún fún diatom ń wálẹ̀ níbẹ̀ lónìí.

Eérú òkè ayọnáyèéfín náà lè ṣe iṣẹ́ ajílẹ̀ yìí. Láàárín ṣéèlì dúdú Wufeng àti Longmaxi ní Ṣáínà, ìpele eérú tínínrín pọ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ́síjìn àti ẹnu ẹranko ni ọ̀tá kábọ́ọ̀nù. Omi òkun ni ọ̀tá sílíkà, torí omi náà kò tíì yó sílíkà, ó ṣì ń wá èyí tó máa yọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé dígí wọ̀nyí ló ń yọ́ padà kí wọ́n tó wọlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń wálẹ̀ kíákíá ni wọ́n ti ń rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ omi náà. Ọ̀kan lára ohun tó ń mú wọn yára ni ìgbẹ́ ẹranko òkun, nítorí pé ẹranko á jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún diatom, á yà wọ́n lódìdì kan, òdìdì yẹn á sì já lọ sísàlẹ̀ ju bí ẹyọ kan ì bá ti lè lọ. Ilé dígí náà wúwo ju omi lọ, ó sì ń fa ẹran tó wà lára rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣé pé bí sílíkà bá ṣe pọ̀ tó ni kábọ́ọ̀nù ṣe máa pọ̀ tó?

Rárá. Títí dé àyè kan, wọ́n máa ń jọ gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn, sílíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í bo kábọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi kún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí: ẹ̀gúsí kò dín kù, ọbẹ̀ ló pọ̀ sí i. Nínú òkúta Monterey, àwọn ìpele tí sílíkà ti pọ̀ jù kọ́ ni kábọ́ọ̀nù ti pọ̀ jù. Amọ̀ láti ilẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí odò bá ń da ẹrẹ̀ sínú òkun níyanníyan, kábọ́ọ̀nù á fọ́n ká inú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ọ́síjìn kankan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ sílíkà tí ẹ̀dá alààyè mú wá yàtọ̀ sí iyanrìn odò?

Wọ́n lè gé òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó, kí wọ́n rí egungun radiolaria lójúkorojú. Àmọ́ ọjọ́ ogbó máa ń pa ojú wọn rẹ́. Ìṣirò wá wúlò níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀ nítorí pé ọmọ girama lè ṣe é.

Amọ̀ tó ti ilẹ̀ wá máa ń gbé aluminium dání, ẹ̀dá òkun kì í sì fi aluminium kọ́lé. Nínú ṣéèlì lásán, silicon máa ń jẹ́ ìlọ́po 3.11 aluminium. Ká ní òkúta wa ní silicon 35 nínú 100, aluminium rẹ̀ sì jẹ́ 5. Ẹ fi 3.11 sọ 5 di púpọ̀, ó di 15.55. Ìyẹn ni ti ilẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 35, ó ku 19.45. Ìyẹn ni àlékún. Ó ju ìdajì lọ tí amọ̀ kò lè jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má tíì sọ pé diatom tàbí radiolaria ni o. Àlékún lè ti inú omi gbígbóná ìsàlẹ̀ òkun wá. Wọ́n á wo irin àti manganese, torí pé bí àwọn yẹn bá pọ̀ ju aluminium lọ, omi gbígbóná ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á tún wo zirconium, tó máa ń bá iyanrìn rìn. Bí sílíkà bá ń gòkè tí zirconium sì ń gòkè, iyanrìn ni. Bí sílíkà bá ń gòkè tí zirconium ń lọ sílẹ̀, ẹ̀dá alààyè ló sún mọ́ jù.

Ta ló wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé kò sí ọ́síjìn nígbà náà?

Òkúta wà níbẹ̀. Molybdenum àti uranium, irú mẹ́táàlì méjì, kì í fẹ́ kúrò nínú omi òkun tó ní ọ́síjìn. Níbi tí ọ́síjìn bá ti tán, wọ́n á bọ́ sínú ẹrẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n pọ̀ nínú ṣéèlì, ẹ mọ irú omi tó wà lórí rẹ̀. Òmíràn ni pyrite, irin àti imí ọjọ́ tó so pọ̀, tó ń dán yanran. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa góòlù lọ́nà Iléṣà mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Nínú ṣéèlì dúdú, ó máa ń wà ní ìṣùpọ̀ kóńkókóńkó bí èso tó so jọ, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn tó kéré, tí ìwọ̀n wọn bára mu, inú omi tí kò lọ́síjìn ni wọ́n ti dì.

Lẹ́yìn tó ti wọlẹ̀ tán, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i?

Ooru ń sè é. Ilé dígí tí ẹ̀dá kọ́ kò tíì jẹ́ quartz. Opal ni, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú òkúta Monterey, ní nǹkan bíi dígírì 40 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó yọ́, ó sì tún dì ní irú opal mìíràn. Ní nǹkan bíi 65 sí 80, ó di quartz. Ó ń le sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Quartz yìí ń di òpó láàárín ẹrẹ̀, kò jẹ́ kí ẹrù òkè tẹ àwọn ihò wẹ́wẹ́ pa, inú àwọn ihò yẹn ni gáàsì ń gbé. Kábọ́ọ̀nù náà ń yí padà lápá tirẹ̀. Ní nǹkan bíi dígírì 60 sí 120 ó ń yọ epo rọ̀bì, bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ó di gáàsì. Ṣéèlì tí sílíkà pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fọ́ bíi dígí bí wọ́n bá fi omi tipá là á lábẹ́ ilẹ̀, èyí tó jẹ́ amọ̀ nìkan á kàn tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sílíkà fi wà lára ohun tí àwọn oní-gáàsì ní Texas máa ń béèrè.

Ṣé ìkún-omi ayé Nóà ló kó gbogbo rẹ̀ jọ?

Wọ́n ti bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ti bi mí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè náà. Ẹ wo ohun tí Ọ̀ṣun ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá kún tó sì fà: iyanrìn, igi, òkúta, gbogbo rẹ̀ pò pọ̀. Omi tó ń sáré kì í to ẹrẹ̀ ní ìpele tínínrín bí irun. Ìpele tínínrín nínú ṣéèlì dúdú sábà máa ń fẹ́ omi tó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ṣé a lè rí ṣéèlì yìí ní Òṣogbo?

Kò sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun rí ṣéèlì òkun nínú kànga ní Òkè-Fíà, amọ̀ ni ó rí. Òkúta wa dàgbà ju gbogbo ṣéèlì tí mo dárúkọ lókè lọ, ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló sì sọ ọ́ di bó ṣe wà. Ẹ lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì. Ṣéèlì Akinbo jókòó lé òkúta ẹfun náà lórí, ẹ̀rí pé òkun ti bo ibẹ̀ rí. Lápá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ṣéèlì Eze-Aku jẹ́ ti ìgbà Turonian, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 94 sẹ́yìn. Àsìkò yẹn ni òkun gba àárín ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Sàhárà, tí ọ́síjìn sì tán nínú omi òkun ní ọ̀pọ̀ ibi láyé.

Báwo ni mo ṣe lè fi han ọmọ mi nílé?

Ẹ wá ike tàbí ìgò tó mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ bu ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ adágún ẹja ẹni tó gbà yín láyè (ẹ má lọ bu ti inú igbó Ọ̀ṣun o, ibi ọ̀wọ̀ ni). Ẹ gé ewé tútù wẹ́wẹ́ sí i, ẹ da omi adágún lé e, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fi bírò sàmì sí ara ìgò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á ti dúdú, èyí tó fara kan omi lókè á ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà tó wà láàárín wọn á sì hàn gedegbe. Ẹ ṣí i níta nítorí òórùn. Ẹ wá fi ṣíbí bu ẹrẹ̀ dúdú náà sórí àwo funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí padà, á pupa bí ìpẹtà, bí aṣọ ìyá aláró ṣe yí padà nígbà tí atẹ́gùn bà á.